Ẹ Dá Ọmọ Tí Ń Béèrè Ọ̀rọ̀ Lóhùn

Ìwà kan wà lọ́wọ́ àwa àgbà tí kò yẹ wá. Bí ọmọdé bá bi wá pé kí ló dé tí a fi ń pe nǹkan kan ní orúkọ tí ó ń jẹ́, a ó ní, "Pa ẹnu rẹ dé! Bí a ṣe bá a nìyẹn." Bí ó bá sì fi ọ̀rọ̀ ìgboro dá wa lóhùn, a ó ní ó ti ba èdè jẹ́. A pa á lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni a óò máa ráhùn pé àwọn ọmọ wa kò ka Yorùbá sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Yewa. Láti Ìlaròó dé Ayétòrò, dé Ìmẹ̀kọ, dé Ìdí-Ìrókò, ọmọ wo ni kò gbọ́ fàyàwọ́ rí? Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe àdéhùn tí ó la ilẹ̀ wa sí méjì, tí Kétu fi bọ́ sí ọ̀hún, tí Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ọmọ Kétu, fi kù síhìn-ín. Ibi tí ààlà bá sì wà, ẹni tí yóò gba ẹ̀yìn aṣọ́bodè kọjá kò ní ṣàì sí. Òun ni ó ń fi àyà wọ́lẹ̀ nínú igbó bí ejò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni a sọ ní fàyàwọ́. Ọmọ tí a bá tú ọ̀rọ̀ yìí fún yóò mọ ìtàn ààlà, yóò sì mọ̀ pé ẹni tí ń fi àyà wọ́ kò lè gbé orí sókè. Ìwàásù wo ni ó jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Fàyàwọ́ kò ti inú ìwé wá. Ẹnu ará ìgboro ni ó ti wá. Ta ni ó wá fún wa láṣẹ pé kí a gba fàyàwọ́, kí a lé jápa síta? Já àti pa ni àwọn ọ̀dọ́ so pọ̀, bí àwọn baba wọn ti so fi, àyà àti wọ́ pọ̀. Àwọn àgbà pàápàá ti sọ ẹnà ní kékeré, tí wọ́n ń ki sílébù mìíràn bọ àárín ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. Yorùbá kò tìtorí rẹ̀ kú. Ní 2025, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford gba jápa wọlé. Ṣé Òyìnbó ni yóò máa kó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa sínú àká, kí àwa máa fi pàṣán lé e?

Àwọn kan yóò ní àwọn kò mọ ìdáhùn. Kí wọ́n wádìí ni! Alùpùpù ń jẹ́ ọ̀kadà nítorí Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí a dá sílẹ̀ ní 1983. Àwọn ará ìgboro ni ó fi orúkọ náà ṣẹ̀fẹ̀. Ní òdìkejì ààlà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, zémidjan ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe "tètè gbé mi" lédè Fọ̀n. Àlùbọ́sà ti ọ̀dọ̀ Haúsá wá, Haúsá sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Ẹni tí ó bá fi dandan tú u sí Yorùbá, irọ́ ni ó pa fún ọmọ. Irọ́ bẹ́ẹ̀ sì burú ju "Pa ẹnu rẹ dé" lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti Yewa wá, bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ mú ìwé àti kálàmù dání. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá bi yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ bi àwọn awakọ̀, aláàárù àti ìyá ọlọ́jà lẹ́nu ibodè. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe fojú kékeré wo iṣẹ́ náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó béèrè, níbo ni ọgbọ́n tirẹ̀ yóò gbà wọlé?