Tọkọtaya tuntun, ẹ ṣọ́ra fún eruku ọ̀dà ilé àtijọ́

Ilé tuntun ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, láti Èkó títí dé Jos àti Kaduna, fi ń gba ilé àtijọ́, tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn tún un ṣe. Ọkọ á máa họ ọ̀dà ara ògiri, ìyàwó á máa gbá eruku rẹ̀. Ó dùn-ún wò, àmọ́ eruku yẹn lè ṣe ọmọ tí wọn kò tíì bí léṣe.

Òjé ló wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń po òjé mọ́ ọ̀dà, pàápàá ọ̀dà tó ń dán tí a fi ń kun ilẹ̀kùn àti irin ojú fèrèsé, kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ, kó sì tètè gbẹ. Bí ọ̀dà náà bá ṣì lẹ̀ dáadáa, ewu rẹ̀ kéré. Tí a bá họ ọ́, tí a fi sáńpépà yùn ún tàbí tí a fi iná sun ún, à ń fà á símú, ó sì ń bá ọwọ́ wọ ẹnu.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò léwu. Ara ọmọdé máa ń gba òjé tó bá gbé mì ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ó ń ba ọpọlọ jẹ́, ó sì ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Ní Zamfara lọ́dún 2010, eruku òkúta góòlù tí òjé wà nínú rẹ̀ pa ọmọ tó lé ní 400.

Òjé máa ń gba ara ìyá wọ ara ọmọ inú. Ó lè fa kí oyún wálẹ̀ tàbí kí ọmọ wáyé láìpé oṣù. Ìyàwó tuntun sì lè lóyún fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó mọ̀. Ẹ̀yin ẹbí ọkọ, ìyàwó tó yẹra fún iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí:

• Kí aláboyún àti ọmọdé kúrò nílé títí iṣẹ́ àti ìmọ́tótó yóò fi parí.
• Ọ̀dà tó ṣì le, ẹ kun òmíràn lé e lórí. Èyí tó ń ṣí, ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó họ ọ́.
• Ẹ lo ìbòmú N95. Aṣọ lásán kò tó.
• Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Aṣọ tútù àti ọṣẹ ni kí ẹ fi nù ún.
• Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ẹ tó gbé ọmọ, ẹ sì fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀.
• Bí òrùlé bá jẹ́ asbestos, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má rẹ́ ẹ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kó yọ ọ́.

Mílíìkì tàbí epo pupa kò lè fọ òjé kúrò lára. Bí ọmọ bá ti wà nínú eruku náà, ẹ má dúró de inú rírun tàbí gìrì, nítorí ó lè máà fi àmì kankan hàn. Ẹ sọ fún dókítà, kó ṣe àyẹ̀wò òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.