Ẹ Jẹ́ Kí Ìdáláre Yára Bí Ẹ̀sùn: Lẹ́tà Gbangba sí Mẹ́yọ̀ Ìlú Houston

Third Ward,
Houston, Texas.

Sí Ọlọ́lá John Whitmire,
Mẹ́yọ̀ ìlú Houston.

Ọlọ́lá,

Third Ward ni mo ti ń kọ̀wé yìí sí yín, àdúgbò tí àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ti dáwó jọ ní ọdún 1872, tí wọ́n ra ilẹ̀ tó di Emancipation Park, kí wọ́n lè ní ibi tí wọn yóò ti máa ṣe ọdún òmìnira wọn. Ọmọ Yorùbá ni mí. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn wa ti ń wá kàwé ní Texas Southern University, tí wọ́n sì ń di ará ìlú yìí. Mo fẹ́ kí wọ́n bá yín ka lẹ́tà yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ ní èdè wa.

Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé ní Houston, ìròyìn tó ń mú èèyàn wọ àtìmọ́lé máa ń sáré. Èyí tó yẹ kó yọ ọ́ jáde máa ń wọ́, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ dé rárá.

Bí ọlọ́pàá bá mú ẹnìkan lóru ní òpópónà Scott, kó tó fi ẹ̀sùn kàn án, yóò kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba lórí fóònù. Wọn yóò dá a lóhùn, nítorí tọ̀sán-tòru ni ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń gba irú ìpè bẹ́ẹ̀. Wọn yóò gba ìtẹ̀ka ẹni náà ní àtìmọ́lé Harris County. Ìtẹ̀ka yẹn yóò dé ọ̀dọ̀ FBI, láti ibẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n. Ètò tó so àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀, Secure Communities, àgbègbè tiwa yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé àwọn iléeṣẹ́ ìjọba kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ wá wo ìròyìn tó ń dáni sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọlọ́pàá Houston a máa mú ọ̀rá kékeré kan dání tí owó rẹ̀ kò ju nǹkan bíi dọ́là 2 lọ. Bó bá rí èérún funfun nínú ọkọ̀ èèyàn, yóò bu díẹ̀ sínú ọ̀rá náà, yóò fi ìka fọ́ ìgò tín-ín-rín tó wà nínú rẹ̀, yóò sì mì í. Bí omi rẹ̀ bá di búlúù, wọ́n gbà pé kokéènì ni. Bẹ́ẹ̀, oríṣi nǹkan tó lé ní 80 ló lè sọ omi ọ̀hún di búlúù, tó fi dé orí oògùn irorẹ́ àti ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ inú ilé. Àwa tí a ti Nàìjíríà wá mọ ohun tí àwọn ìyá wa máa ń dì sínú ọ̀rá fún wa: káún, ẹfun, àgúnmu tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ sí lára. Ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá ronú kan ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀.

Nígbà yẹn, ẹni tí wọ́n bá mú báyìí, tí kò rówó bẹ́ẹ̀lì san, yóò wà ní àtìmọ́lé. Wọn yóò sọ fún un pé bó bá gbà pé òun jẹ̀bi, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò lò. Bó bá ní òun fẹ́ rojọ́, kó múra sílẹ̀ fún ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ bí ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi. Ẹni tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́, tí ọmọ ń retí nílé, yóò gbà. Lẹ́yìn tó bá ti gbà tán, tí adájọ́ ti dájọ́, ni láàbù yóò wá yẹ èérún náà wò, tí wọn yóò sì rí i pé kì í ṣe oògùn olóró rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù nìyí. Láàbù kọ òtítọ́ sílẹ̀. Òtítọ́ wà nínú ìwé ìjọba, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ọjọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba, ó sì jókòó síbẹ̀. Ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n kò gbọ́, lọ́yà rẹ̀ kò gbọ́, adájọ́ kò gbọ́. Obìnrin kan tó ń gba ìlú wa kọjá ní ọdún 2010 gba ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 45 lọ́nà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá kọ lẹ́tà sí i pé kò jẹ̀bi, àdírẹ́sì tí kò gbé mọ́ ni lẹ́tà lọ. Àwọn oníròyìn ló wá a rí ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2015 nìkan, èèyàn 42 ni wọ́n dá láre ní Harris County lórí ẹ̀sùn oògùn olóró, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti gbà pé àwọn jẹ̀bi kí èsì láàbù tó jáde. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó jókòó ti àwọn fáìlì àtijọ́ yẹn títí wọ́n fi tú wọn wò ṣe iṣẹ́ tó yẹ ká yìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ ti ọjọ́ kan ni wọ́n ń fi ọdún ṣe.

Fún ẹni tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, ìdájọ́ oògùn olóró lè lé e kúrò ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi sọ ní ọdún 2010, nínú ẹjọ́ Padilla, pé dandan ni kí lọ́yà kìlọ̀ fún oníbàárà rẹ̀ kó tó gbà pé òun jẹ̀bi. Ìtẹ̀ka rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un. Kí ni èsì láàbù tó ń rìn bí ìgbín yóò ṣe fún ẹni tí wọ́n ti dá padà sí Èkó?

Mo mọ̀ pé nǹkan ti yí padà díẹ̀. Láti ọdún 2014 ni láàbù ti bọ́ lábẹ́ ọlọ́pàá, tó di Houston Forensic Science Center. Ní ọdún 2017, ọlọ́pàá pa àyẹ̀wò ẹ̀gbẹ́ títì yẹn tì, nítorí ìbẹ̀rù pé fentanyl lè ṣe ọlọ́pàá tó bá fọwọ́ kàn án ní jàǹbá. Ó dára kí a dáàbò bo ọlọ́pàá. Ó yẹ kí àwọn aláìṣẹ̀ tó ti lọ sẹ́wọ̀n ti tó ìdí láti pa á tì ṣáájú ìgbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ George Floyd ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ọmọ àdúgbò wa ni. Cuney Homes níhìn-ín ló ti dàgbà, Jack Yates ló ti kàwé jáde ní ọdún 1993. Gbogbo ayé mọ bó ṣe kú ní Minneapolis ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ní oṣù Kejì ọdún 2004, ọlọ́pàá Houston kan, Gerald Goines, ti mú un níbí, ó ní ó lọ́wọ́ nínú títa kokéènì dọ́là 10. Ẹnìkan tí Goines kò dárúkọ ló fi ṣe ẹlẹ́rìí. Floyd gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù 10.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2019, Goines àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ já wọ ilé kan ní Harding Street. Ó ti sọ fún adájọ́ pé ẹni tó ń ta òun lólobó ti ra heroin níbẹ̀. Irọ́ ni. Tọkọtaya tó ni ilé, Dennis Tuttle àti Rhogena Nicholas, kú síbẹ̀. Ìbọn ba ọlọ́pàá mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: obìnrin kan pe 911, ó parọ́ mọ́ wọn. Ọlọ́pàá kan gbé ọ̀rọ̀ náà fún òmíràn, ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ka tó ń gbógun ti oògùn olóró, ó di ìwé àṣẹ adájọ́. Wọ́n pín ìròyìn náà fún ara wọn wéré. Ẹni tí yóò dá a dúró kó bi í léèrè ni kò sí. Nítorí náà, Ọlọ́lá, n kò bẹ̀ yín kí ẹ kàn da gbogbo àkọsílẹ̀ pọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa bu ún bó ṣe wù ú. Irọ́ tó bá kọ̀ǹpútà rìn tún burú ju èyí tó fẹsẹ̀ rìn lọ. Ohun tí mo ń wá ni kí àtúnṣe máa lé irọ́, kó sì bá a ní gbogbo ibi tó bá dé.

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá Goines: ní ọdún 2024 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ìpànìyàn, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 60. Ṣùgbọ́n àwọn tí irọ́ rẹ̀ ti kó lọ sẹ́wọ̀n ńkọ́? Ẹjọ́ tó lé ní 14,000 ni ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba ní àwọn yóò tún yẹ̀ wò, nínú èyí tí òun àti ẹ̀ka rẹ̀ ṣe. Nínú ọ̀kan, ti ọmọ ìyá méjì tí ó mú ní ọdún 2008, ìwé ìnáwó tí Goines fúnra rẹ̀ kọ fún iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kò bá ẹ̀rí tó jẹ́ ní kóòtù mu. Ìwé yẹn wà. Ọwọ́ ọlọ́pàá ló wà. Kò dé iwájú àwọn tó ń gbẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó dá àwọn méjèèjì láre. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Adájọ́ tí wọ́n fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ti di agbẹ́jọ́ẹnìkandá láìmọ̀.

Ní ti Floyd, agbẹjọ́rò kan ní ọ́fíìsì tó ń gbèjà aláìní ní Harris County bẹ̀bẹ̀ ní ọdún 2021 pé kí wọ́n forí jì í lórí ẹjọ́ 2004 yẹn. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àforíjì ní Texas fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹwàá láìsí ẹni tó takò ó. Ní oṣù Kejìlá wọ́n fà á padà, wọ́n ní àwọn ìlànà kan kò pé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 wọ́n kọ̀ ọ́. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tí adájọ́ kò lè gbára lé mọ́ ṣì wà lọ́rùn òkú ọmọ Third Ward.

Ọlọ́lá, ẹ kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ ṣe alága ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì Texas tó ń rí sí ètò ìdájọ́ ọ̀daràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wà níbẹ̀ ní ọdún 2013 nígbà tí wọ́n ṣe òfin tí wọ́n fi sọrí Michael Morton, ẹni tó lo nǹkan bí ọdún 25 lẹ́wọ̀n lórí ikú ìyàwó rẹ̀ tí kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rí tí ì bá gbà á là wà nínú fáìlì. Òfin náà ní kí agbẹjọ́rò ìjọba ṣí fáìlì rẹ̀ fún olùjẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni agbẹjọ́rò yóò ṣe ṣí ohun tí ọlọ́pàá kò gbé fún un?

Àwọn tí ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́ náà ń jìyà ìròyìn tí kì í dé. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ gorí àlééfà, ní oṣù Kejì ọdún 2024, ni àṣírí tú pé ẹjọ́ tí àwọn ará ìlú mú wá, tó tó 264,000 láti ọdún 2016, ni ọlọ́pàá ti pa tì pẹ̀lú àmì pé kò sí òṣìṣẹ́ tó tó. Ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ àti irú rẹ̀ tó lé ní 4,000 wà nínú wọn. Ẹ yan ìgbìmọ̀ láti wádìí rẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá fẹ̀yìn tì, ẹ fi J. Noe Diaz rọ́pò rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹ kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó lọ fẹjọ́ sùn, tó ń retí ìpè fún ọdún mẹ́ta, ta ló sọ fún un pé wọ́n ti gbé fáìlì òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

Ẹni tó bá mọ Èkó yóò ní kò yàtọ̀ sí tilé: fáìlì kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ń retí ìmọ̀ràn ọ́fíìsì DPP, olùdarí ìpẹ̀jọ́ ìjọba, ní Aláùsá, ẹni tí wọ́n mú sì ń darúgbó ní Kírikírì. Ní Nàìjíríà, àwọn tó ń retí ìdájọ́ lẹ́wọ̀n pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ lọ. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ìwé tó ń sọni sẹ́wọ̀n àti ìwé tó ń yọni jọ ń pẹ́ ni. Níbí, ẹ ti ní ọ̀nà tó yá. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbà á.

Ọlọ́pàá wà lábẹ́ yín. Ẹ̀yin lẹ ń yan ìgbìmọ̀ tó ń darí láàbù, ìgbìmọ̀ ìlú a sì fọwọ́ sí i. Ẹ pàṣẹ pé lọ́jọ́ tí láàbù bá kọ̀wé pé nǹkan kan kì í ṣe oògùn olóró, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí agbẹjọ́rò ìjọba, lọ́yà olùjẹ́jọ́ àti kóòtù jọ rí i. Bí wọ́n bá ti dájọ́, kí ọlọ́pàá wá ẹni náà kàn pẹ̀lú irú agbára tí wọ́n fi wá a nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un, kí lẹ́tà tí kò dé má jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Bí ọlọ́pàá kan bá parọ́, tí ọ̀gá rẹ̀ sì mọ̀, kí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́ láìjẹ́ pé wọ́n béèrè, kí wọ́n sì tú gbogbo ẹjọ́ tó ti jẹ́rìí sí wò. Ẹni tó bá fẹjọ́ sùn ní Houston, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà tí yóò fi máa rí ibi tí ẹjọ́ rẹ̀ dé, àti ọjọ́ tí wọ́n bá pa á tì. Ọ̀dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n náà, bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ̀sùn kan ti wó, ẹ fi ìyẹn náà ránṣẹ́ sí wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìgbìmọ̀ ìlú máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú. Èmi àti àwọn kan ní Third Ward yóò wá sí City Hall láti béèrè ọjọ́ tí àkọ́kọ́ nínú wọn, èyí tó jẹ mọ́ láàbù, yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọjọ́ kan pàtó dání dè wá.

Èmi ni,
Ọmọ Yorùbá kan ní Third Ward.