Ta Ni Ó Kó Edé Jọ? Èrò Kan Lórí Èdè-Ìperí Ìmọ̀ Òkun

Orúkọ ni àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí sáyẹ́ǹsì sábà máa ń wá: orúkọ ẹranko, orúkọ ohun èlò, orúkọ àrùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ wọ́n lógún. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni àlàyé ìmọ̀ wà. Ẹ̀kọ́ nípa edé àti àwọn ẹranko tí ó fara jọ ọ́ jẹ́ ẹ̀rí èyí.

Bí àpẹẹrẹ, kírílì jẹ́ ẹranko kékeré tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6, tí ó pọ̀ nínú òkun tí ó yí Antarctica ká. Ó jọ edé, ṣùgbọ́n kì í ṣe edé. Nítorí náà, ó sàn kí wọ́n yá orúkọ rẹ̀ lò. Ní ibì kan, wọ́n lè ju 10,000 lọ nínú omi tí ó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní jíjìn. Ní ibòmíràn, ẹyọ kan kò sí. Ohun méjì ni ó fà á. Ìkíní ni ìṣàn òkun, tí ń yí Antarctica po láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, tí ó ń gbé wọn kiri, tí ó sì ń dà wọ́n sí ojú kan níbi tí omi bá ti ń yí bìrí. Ìkejì ni ìṣesí àwọn fúnra wọn: wọn a máa lúwẹ̀ẹ́ tọ ara wọn lọ, wọn a sì máa wọ ibú lọ́sàn-án, kí wọn ó tó gòkè wá jẹun lóru.

Bí ògbufọ̀ bá wá pe èyí ní “àkójọ kírílì”, ó ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Ohun tí wọ́n bá kó jọ kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tí ó kó o ni ó ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì pè é ní “ìpàdé kírílì”, ó ti sọ ẹranko di ọmọ ẹgbẹ́, ó sì ti gbàgbé omi.

Kò di ìgbà tí olùkọ́ bá dé Antarctica kí ó tó rí ọ̀ràn yìí. Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n Ogun Waterside ní ìhà gúúsù ní ọ̀sà, ó sì ní òkun. Ìwòpin wà ní etí Ọ̀sà Lẹ́kkí, tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 247 níbùú lóròó, tí odò Ọ̀ṣun ń ṣàn sí. Edé ńlá kan wà nínú àwọn omi báyìí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Macrobrachium vollenhovenii. Omi tí kò ní iyọ̀ ni àgbà rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹyin rẹ̀ bá pa kò lè dàgbà láìsí iyọ̀ díẹ̀ nínú omi. Ìṣàn ni ó ń gbé ọmọ náà lọ sí ìhà òkun. Nígbà tí ó bá di edé tán, yóò dojú kọ ìṣàn, yóò sì padà sókè odò. Omi ni ó gbé e lọ, ẹsẹ̀ ni ó gbé e bọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo kò lè ru àlọ àti àbọ̀ yìí.

Irú ìkẹta tún wà. Ní etíkun Florida ní Amẹ́ríkà, ọmọ edé òkun kan a máa gòkè nígbà tí omi òkun bá ń kún, kí ó lè bá a wọlé. Bí omi bá ń fà, a lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, bí èrò tí ń dúró de ọkọ̀ tí ń lọ sí ọ̀nà tirẹ̀. Omi ni ó ń gbé e, ṣùgbọ́n òun ni ó yan ìgbà.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìṣùpọ̀ ni kí ó jẹ́ orúkọ ohun tí ojú rí, láìsọ ẹni tí ó fà á. Ìgbájọ ni iṣẹ́ omi. Ìkórajọ ni iṣẹ́ ẹranko. Ìbómirìn ni kí ó dúró fún ti ẹni tí ó yan ìgbà tí yóò bá omi lọ. Ìròkèrodò òòjọ́ yóò sì dúró fún lílọ sí ibú lọ́sàn-án àti gígòkè lóru. Ó yẹ pẹ̀lú kí wọ́n ya ìṣàn sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbì: ìgbì ń ru omi sókè sódò, ìṣàn ni ó ń gbé ẹrù rìn.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti gbálẹ̀ àgbàlá rí mọ ìgbájọ: ewé kì í bá ìgbálẹ̀ jíròrò. Ohun tí ó le fún akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ kan tí ó ní ìtumọ̀ mẹ́ta. Ètò tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ìmọ̀ omi ni ó kù.

Yunifásítì ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982, àwọn apẹja sì wà ní Ìwòpin. Kí onímọ̀ èdè àti onímọ̀ ẹranko jọ tọ̀ wọ́n lọ, kí wọ́n tó fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú ìwé. Ẹni tí ń dẹ àwọ̀n sí ojú omi ti ní láti mọ̀, kí oúnjẹ tó dé ilé rẹ̀, èyí tí omi gbé wá àti èyí tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.