Àpò ìrẹsì tó wà lẹ́yìn yín, ẹ dè é kó tó pààyàn

Bó bá di ìrọ̀lẹ́ ní Mile 12, ẹ dúró létí títì kẹ́ ẹ wòran. Dánfó á dé, wọn á kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì sí búùtù, wọn á ki àpò àlùbọ́sà mọ́ ọn, búùtù ò ní í pa dé mọ́. Kọ́ńdọ́ọ̀ á fi okùn kan ṣoṣo so ilẹ̀kùn ẹ̀, á gbá ara mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, á ní, “Ó yá, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Àwọn èrò á wọlé, wọn á forí ti ẹrù. Kò sẹ́ni tó máa béèrè pé bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì, ibo lẹrù yẹn ń lọ?

Iwájú ló ń lọ! Bí mọ́tò bá dúró, ẹrù tí wọn ò dè kì í bá a dúró, eré tó ń bá mọ́tò sá tẹ́lẹ̀ náà ló máa bá lọ. Bí mọ́tò tó ń sá eré kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan bá lọ gbá nǹkan, ẹrù inú ẹ̀ á fò síwájú pẹ̀lú agbára ohun tó já bọ́ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta. Bó bá wá jẹ́ 100 ni wọ́n ń sá ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ńkọ́? Agbára ọ̀hún á di ìlọ́po mẹ́rin, kì í ṣe méjì. Jáàkì lásán lè pààyàn báyẹn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti àpò ìrẹsì 50 kílò.

Ohun tó bá wúwo jù, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó fara ti ẹ̀yìn ìjókòó pẹ́kípẹ́kí. Ẹ kó èyí tó fúyẹ́ lé e, kẹ́ ẹ sì fokùn dè é. Ẹ má jẹ́ kó ga ju ìjókòó lọ, kí dẹ́rẹ́bà lè rí ẹ̀yìn. Ẹ má fi ìgò tàbí ike omi sílẹ̀ níwájú. Bó bá yí wọ abẹ́ bíréèkì, ó parí nìyẹn.

Orí mọ́tò ńkọ́? Ẹrù fífúyẹ́ nìkan ni o. Bí òkè bá ti wúwo jù, kọ́nà kékeré lè dà á nù. Rọ́bà túùbù tó ń nà kì í ṣe okùn. Àwọn tó ń na ọwọ́ jáde láti fèrèsé kí wọ́n lè di mátíráàsì mú, ṣé ọwọ́ yẹn lágbára ju atẹ́gùn lọ ni?

Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sínú mọ́tò èrò. Sílíńdà gáàsì, òòró ni kó wà, kẹ́ ẹ dè é, kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé. Ẹ fún táyà ní atẹ́gùn tó tó ẹrù náà, nítorí táyà tó rọ̀ lábẹ́ ẹrù máa ń gbóná, ó sì máa ń bẹ́. Bẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀, ẹ dúró, kẹ́ ẹ tún okùn fà.

Lóòótọ́, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1988 ń mú àwọn tó di ẹrù àpọ̀jù, ṣùgbọ́n wọn ò sí níbi tí wọ́n ti ń dirù. Èrò ló wà níbẹ̀. Kí wọ́n sọ̀rọ̀! Kọ́ńdọ́ọ̀ lè bú wọn pé àṣejù wọn ti pọ̀ jù. Èébú kì í fọ́ni lórí. Àpò ìrẹsì ló ń fọ́ ọ.