Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọmọ Wa: Abèèrè Kì í Ṣìnà

  

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí, nítorí ó ti kan ilé wa. Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan lọ ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ní Èkó. Ìyá rẹ̀ ti ta ìdì aṣọ méjì kí ó tó rí owó kọ̀ǹpútà rà fún un. Nígbà tí ọmọ náà dé, ojú rẹ̀ kò dùn-ún wò. Ó ní ìdáhùn òun tọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó gba àyè jù. Ìyá rẹ̀ wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, àyè wo ni ó wà nínú ohun tí a ń gbé lé orí itan?"

Ìbéèrè tí wọ́n bi í nìyí: àwọn nọ́ńbà ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí 0 títí dé 999,999. Sọ èyí tí ó bá ti wọlé rí. Ńṣe ni ọmọ wa ń kọ gbogbo nọ́ńbà tí ó bá wọlé sílẹ̀. Bí nọ́ńbà kan bá gba báìtì 4, tí gbogbo wọn sì wọlé, báìtì 4,000,000 ni wọn yóò gbà.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìwé akápò ẹgbẹ́ wa. Bí a bá ń san owó oṣù, akápò kì í tún orúkọ wa kọ. Orúkọ ti wà nílẹ̀, àpótí kékeré kan sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá san tìrẹ, yóò fi àmì sí i, ó parí. Kọ̀ǹpútà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àyè tí ó kéré jù lọ nínú rẹ̀ ni bíìtì, 0 tàbí 1 nìkan ni ó sì lè gbà. Bíìtì 8 ni báìtì kan. Ẹ fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní bíìtì kan: 0, kò tí ì dé, 1, ó ti dé. Bíìtì 1,000,000 kò ju báìtì 125,000 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú 32 èyí tí ọmọ wa lò. Bitmap ni wọ́n ń pè é. Jon Bentley, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé irú ọgbọ́n yìí nínú ìwé rẹ̀, Programming Pearls, tí ó jáde ní 1986.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ má ṣe há a sórí bí orin o. Bí ó bá jẹ́ pé 1,000 nọ́ńbà péré ni yóò wọlé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ èyíkéyìí láàárín ohun tí ó lé ní 4,000,000,000, bitmap yóò gba àyè tí ó ju báìtì 500,000,000 lọ. Bí a bá kàn kọ wọ́n sílẹ̀, báìtì 4,000 ti tó. Ẹni tí ó ní àlejò mẹ́ta kì í háyà ẹgbẹ̀rún àga.

Bí ó bá jẹ́ orúkọ ni ó ń wọlé ńkọ́? Ní 1970, Burton Bloom kọ̀wé nípa ọgbọ́n mìíràn, tí a ń pè ní Bloom filter. A ó fi orúkọ náà ṣe ìṣirò bíi mélòó kan. Ìṣirò kọ̀ọ̀kan yóò tọ́ka sí bíìtì kan, a ó sì sọ ọ́ di 1. Bí a bá wá bèèrè orúkọ kan, tí a sì bá 0 níbì kan ṣoṣo nínú àwọn ibi tí ìṣirò rẹ̀ tọ́ka sí, orúkọ náà kò wọlé rí, kò sí iyèméjì. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 1, ó lè ti wọlé, ó sì lè jẹ́ orúkọ mìíràn ni ó fi àmì sí ibẹ̀. Bíìtì 10 fún orúkọ kan, pẹ̀lú ìṣirò 7, àṣìṣe rẹ̀ kò pé ẹyọ kan nínú 100, bí ó ti wù kí orúkọ náà gùn tó. Níbi tí àṣìṣe kékeré kò bá ti pa ẹnikẹ́ni lára, ó dára. Níbi tí owó ènìyàn bá wà, ẹ ṣọ́ra.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ bèèrè: mélòó ni yóò wọlé? Kí ni èyí tí ó kéré jù, kí ni èyí tí ó pọ̀ jù? Ṣé a ó máa yọ nǹkan kúrò? Ṣé ẹ lè gba àṣìṣe díẹ̀? Abèèrè kì í ṣìnà. Ọmọ wa kò bèèrè ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Ó rò pé àìmọ̀ ni wọn yóò kà á sí.

Ó ti tún lọ sí ibòmíràn ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó ní ìbéèrè mẹ́rin ni òun kọ́kọ́ bi wọ́n kí òun tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Èsì kò tí ì dé. Ìyá rẹ̀ ń retí, àwa náà ń retí. Bí ó bá dé pẹ̀lú ayọ̀, ní ojú ewé ìròyìn ẹbí ni ẹ ó ti kà á.