Owó epo nìkan kọ́ ni gbèsè ọkọ̀ òṣìṣẹ́

Ó ti di àṣà lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké pé bí ọjà bá gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kíákíá, òṣìṣẹ́ tó ní mọ́tò tàbí ọ̀kadà ni wọ́n á ní kó gbé e lọ. Ọ̀gá á fún un lówó epo, ó parí. Bí táyà bá jẹ, tí ẹ́ńjìnnì bá dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wàhálà òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá rò pé òun ti sanwó, bẹ́ẹ̀ mọ́tò onímọ́tò ló ń fi ṣòwò.

Ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í ṣe é báyẹn. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ bá fi mọ́tò ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọba, iye máìlì tó rìn ni wọ́n ń ṣírò, kì í ṣe rìsíìtì epo. Iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní GSA ló ń kéde iye tí wọn yóò san. Lọ́dún 2024, sẹ́ǹtì 67 ni fún máìlì kan. Lọ́dún 2025, ó di sẹ́ǹtì 70. Ẹni tó rin máìlì 100 lọ́dún 2025, dọ́là 70 ló tọ́ sí i. Epo wà nínú rẹ̀, àtúnṣe wà nínú rẹ̀, ìnṣọ́ránsì àti gbígbó tí mọ́tò ń gbó náà wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, wọn kì í ná ìná-àpà. Bí mọ́tò ìjọba bá wà nílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ní tòun lòun fẹ́ gbé, sẹ́ǹtì 21 péré ni wọ́n ń san fún un lọ́dún méjèèjì yẹn. Ìrìn láti ilé lọ sí ọ́fíìsì kò sì sí nínú ìṣirò. Nígbà tí epo gbówó lórí lọ́dún 2022, wọn kò dúró de ọdún tuntun. Oṣù keje ni wọ́n ti gbé e láti sẹ́ǹtì 58.5 sí 62.5.

Àwọn kan á ní owó ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn. Òótọ́ ni, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àmọ́ ọ̀nà ìṣirò ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀, kì í ṣe iye owó. Ní Nàìjíríà, látìgbà tí ìjọba ti kéde lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, àdéhùn àtijọ́ kò lè gbé ìrìn-àjò mọ́. Kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jókòó, kí wọ́n ṣírò epo, ọ́ìlì, táyà àti owó mẹkáníìkì, kí wọ́n fẹnu kò lórí iye kan fún kìlómítà kan, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bí owó epo bá ti yí padà. Kí ìwé kékeré kan wà nínú mọ́tò tí wọ́n á máa kọ ọjọ́, ibi tí wọ́n lọ àti iye kìlómítà sí.

Ìwé yẹn á gba ọ̀gá lọ́wọ́ rìsíìtì tí wọ́n bù mọ́, á sì gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ. Oníṣòwò tó bá kọ̀ láti dá sí owó táyà lónìí, ọjọ́ tí mọ́tò òṣìṣẹ́ bá kú sójú títì ni ọjà rẹ̀ náà á jókòó síbẹ̀, oníbàárà á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.