DP oní-píksẹ́ẹ̀lì: Kí ni kọ́sítọ́mà fi ń dá oníṣòwò mọ̀?

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú òwò tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù láyé òde òní, ojú oníṣòwò kì í tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Inú àmì rìbìtì kékeré kan ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí WhatsApp, àárín ọ̀pọ̀ ojú mìíràn ni kọ́sítọ́mà yóò sì ti wá a. Ẹ wo ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn. Fótò tó bá yà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, tí ìgàn aṣọ, pátákó, nọ́ńbà fóònù àti ọmọọṣẹ́ méjì wà nínú ẹ̀, dára láti gbé kọ́ ara ògiri. Tó bá sọ ọ́ di DP, kò sẹ́ni tó máa rí ju àwọ̀ tó dàpọ̀ mọ́ra lọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwòrán oní-píksẹ́ẹ̀lì fi kan àwọn oníṣòwò kéékèèké. Píksẹ́ẹ̀lì ni àwọn igun mẹ́rin tín-ín-tìn-ín tó para pọ̀ di àwòrán inú kọ̀ǹpútà àti fóònù. Nínú àwọn géèmù àtijọ́, wọ́n tóbi débi pé èèyàn lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ti wá ń ya ojú èèyàn bí ẹni inú géèmù yẹn, wọ́n sì ń gbowó lé e. Àwọn oníṣòwò kan ní eré ọmọdé ni. Àwọn mìíràn ń sáré rà á nítorí pé òun ló wà lóde. Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Iṣẹ́ náà wúlò, àmọ́ ẹni tó bá ti mọ ohun tí kọ́sítọ́mà fi ń dá a mọ̀ ló máa rí èrè níbẹ̀.

Ìtàn iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi èyí hàn. Lọ́dún 1981, ilé-iṣẹ́ Nintendo ní ilẹ̀ Jàpáàn gbé géèmù Donkey Kong jáde. Shigeru Miyamoto ló ya ọkùnrin inú rẹ̀ tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Mario. Àyè tó ní láti fi yà á kéré gan-an. Irun orí ṣòro láti yà, ó dé fìlà fún un. Ẹnu kò lè hàn dáadáa, ó fi irunmú sí i. Apá kò ní í yàtọ̀ sí ara tó bá ń rìn, ó wọ aṣọ iṣẹ́ fún un, irú èyí tí mẹkáníìkì máa ń wọ̀. Àìsí àyè ló bí fìlà, irunmú àti aṣọ náà, àwọn gan-an layé sì fi ń dá a mọ̀ títí dòní.

Ní Amẹ́ríkà, Susan Kare lo ìwé onígun mẹ́rin bíi ti ìṣirò láti ya àwọn àmì inú kọ̀ǹpútà Macintosh, tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde lóṣù kìíní, ọdún 1984. Igun 32 níbùú, 32 lóròó ló ní, ìyẹn 1,024 lápapọ̀, dúdú àti funfun nìkan. Inú àyè kékeré yẹn ló ya ojú ọ̀gá wọn, Steve Jobs, sí. Àwòrán náà wu àwọn tó rí i débi pé àwọn òṣìṣẹ́ yòókù náà ń fẹ́ kó ya tiwọn. DP oní-píksẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rárá.

Ọgbọ́n yìí kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá. Nígbà tí ilà kíkọ ṣì wà lóde, ìlà díẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ ti tó láti fi mọ ibi tí èèyàn ti wá. Ẹni tó kọ pélé yàtọ̀ sí ẹni tó bu àbàjà. Ayé ilà kíkọ ti lọ, àmọ́ ìbéèrè tó yẹ kí oníṣòwò bi ara rẹ̀ kò ju èyí náà lọ: kí ni ilà ojú òwò òun? Ó lè jẹ́ tépù tí télọ̀ máa ń gbé kọ́rùn. Ó lè jẹ́ gèlè ńlá tí ìyá aláṣọ kì í yọ, irùngbọ̀n funfun mẹkáníìkì, tàbí àwọ̀ búlúù tí oníresì fi kun ìsọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun kan tàbí méjì ni àwòrán kékeré lè gbé. Èyí tó bá kù, kí wọ́n yọ ọ́ dànù.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn áàpù tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ti ń kùnà. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì, áàpù á fọ́ fótò sí wẹ́wẹ́, ó parí. Kò mọ̀ pé gèlè ṣe pàtàkì ju ògiri ẹ̀yìn lọ. Àwọn èyí tó ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá tún ní ìṣòro tiwọn. Lóṣù kẹta, ọdún 2025, nígbà tí àwọn èèyàn káàkiri ayé ń sọ fótò wọn di àwòrán bíi ti Studio Ghibli ilẹ̀ Jàpáàn, kò pẹ́ tí ojú gbogbo wọn fi ń jọra. Ìyẹn kò pa ẹni tó ń ṣeré lára. Ṣùgbọ́n tí télọ̀ márùn-ún ládùúgbò kan bá ní ojú kan náà, ta ni kọ́sítọ́mà máa pè?

Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń gé fótò kù sí orí àti èjìká. Á dín àwọ̀ kù sí bíi 8 sí 16, á wá máa to igun kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ bí aláṣọ òkè ṣe ń ka òwú. Piskel wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí. Aseprite ni èyí tí wọ́n ń fowó rà. Ó máa mọ̀ pé àwọ̀ ara dúdú níwájú ẹ̀yìn tó ṣókùnkùn yóò pòórá, á sì jẹ́ kí ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Kò ní í fi nǹkan pàtàkì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí WhatsApp yóò gé e dànù. Tó bá parí 32 sí 32, á sọ ọ́ di ìlọ́po ogún géérégé, kó di 640 sí 640. Tí ìlọ́po náà kò bá gún, etí àwọn igun á ṣú bàìbàì.

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún oníṣòwò pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa di olówó ńlá lọ́la, kó ṣọ́ra. Lọ́dún 2017, CryptoPunks jáde, ojú 10,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ igun 24 sí 24, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Lóṣù kejì, ọdún 2022, wọ́n ta ọ̀kan nínú wọn ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 23 dọ́là. Kí ọdún yẹn tó parí, ọjà irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti já wálẹ̀ gan-an. Èrè DP oníṣòwò kò sí nínú títún un tà, àfi nínú kọ́sítọ́mà tó rí i, tó dá a mọ̀, tó wá béèrè ọjà.

Àwọn kan á ní kọ́sítọ́mà tó ń sanwó kí ọjà tó dé ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ rí ojú èèyàn gidi. Òótọ́ ni. Nítorí náà, kí fótò oníṣòwò, ìsọ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ṣì wà níbi tí kọ́sítọ́mà ti lè rí wọn. Kò sì yẹ kó pààrọ̀ DP rẹ̀ lójijì. Lásìkò tí gbájúẹ̀ ń gba WhatsApp mọ́ onílé lọ́wọ́, DP tó ṣàdédé yí padà lè jẹ́ kí kọ́sítọ́mà sá. Kó kéde rẹ̀ ṣáájú, kó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé tún wà níbẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, ẹni tó ya àwòrán ló ni ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ bí wọn kò bá kọ nǹkan mìíràn sílẹ̀. Oníṣòwò tó máa fi í sára àpò ọjà àti pátákó gbọ́dọ̀ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ oníṣẹ́.

Kó tó san owó tó kù, kó fi àwòrán náà han kọ́sítọ́mà àtijọ́ mẹ́ta lórí fóònù, kó má sọ ẹni tó jẹ́. Tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, kó sanwó tayọ̀tayọ̀. Tí wọ́n bá ń wo ara wọn lójú, kó dá iṣẹ́ padà, kó sì sọ fún oníṣẹ́ pé gèlè òun dà.